Oúnjẹ Ìlú Ọba fún Ẹni Tó Ń Bọ̀ Wá Ṣàlejò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Leeds ni mo ń gbé, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọdún kan tí àlejò kì í ti Ìbàdàn, Èkó tàbí Ìjẹ̀bú wá bá wa. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń di gàrí àti ata gígún sínú báàgì, tí wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n á sì padà sílé láìtọ́ ohun kan wò ju adìẹ díndín lọ. Ó máa ń dùn mí. Oúnjẹ ibí ní ilé tirẹ̀ àti àsìkò tirẹ̀; ẹni tó bá pàdé rẹ̀ níbẹ̀ á gbádùn rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí.

Ṣé òótọ́ ni pé oúnjẹ òyìnbó kò ládùn?

Adùn rẹ̀ wà. Ibi tó wà ni kì í ṣe ibi tí ẹnu wa ń wá a sí. Nílé wa, inú ọbẹ̀ ni adùn ń gbé: ata, àlùbọ́sà, irú, epo tó jiná dáadáa. Kí àwo tó dé iwájú ẹni, ẹni tó sè é ti parí iṣẹ́. Níhìn-ín, alásè a máa fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ jẹun. Iyọ̀, ata dúdú, músítádì, fínígà àti oríṣiríṣi ọbẹ̀ inú ìgò wà lórí tábìlì, ọwọ́ yín ni wọ́n wà. Ẹni tó bá jẹ ẹran màlúù sísun láìfi músítádì tàbí horseradish sí i, tó wá ní kò dùn, àmàlà ló jẹ láìbu ọbẹ̀ lé e. Horseradish yìí, gbòǹgbò kan ni tí wọ́n ń rin, tí wọ́n sì ń pò mọ́ ọ̀rá mílíìkì. Ẹ má fojú di í. Kì í ta ẹnu bí ata rodo. Imú ló ń gbà, omi á sì bọ́ lójú yín.

Orúkọ burúkú tí oúnjẹ wọn ní, ogun wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1940 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bọ́tà, ṣúgà àti bacon (ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀) fún olúkúlùkù. Ogun parí ní 1945, àmọ́ oṣù keje ọdún 1954 ni wọ́n tó jáwọ́ nínú wíwọn ẹran. Ẹ ro iye ọmọ tó dàgbà láàárín ọdún 14 yẹn, tí ìyá wọn kò rí nǹkan gidi fi dáná. Ìran tó ń dáná lónìí kì í ṣe ìran yẹn mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ burúkú kì í tètè kúrò lára ènìyàn.

Kí ni kí n kọ́kọ́ jẹ?

Fish and chips, ìyẹn ẹja àti ọ̀dùnkún òyìnbó díndín. Ẹ má jẹ ẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń dín in, tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní chippy, kí ẹ tò sórí ìlà pẹ̀lú wọn. Bó bá lè jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó dára jù, nítorí ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ilé ń jẹ ẹja. Inú ìjọ Àgùdà ni àṣà náà ti wá, àwọn tí kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì.

Wọ́n á bi yín bóyá cod lẹ fẹ́ tàbí haddock. Ní Yorkshire níbí àti ní Scotland, haddock ni onílé ń jẹ. Ní gúúsù, cod ló wọ́pọ̀. Èmi fara mọ́ haddock, ẹran ara rẹ̀ dùn jù. Wọ́n á tún bi yín bóyá kí wọ́n fi iyọ̀ àti fínígà sí i. Ẹ ní kí wọ́n fi sí i, kí ó pọ̀ díẹ̀. Fínígà yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ sú ẹnu. Ẹ ra mushy peas mọ́ ọn, ìyẹn ẹ̀wà aláwọ̀ ewé tí wọ́n sè títí tó fi fọ́. Ojú rẹ̀ kò wuni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn gbẹ̀gìrì kò ní ṣàì mọ ohun tó ń jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹran, tàbí tí ẹ̀ ń jẹ halal, ẹ fetí sí èyí: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Yorkshire kì í fi òróró dín in, ọ̀rá màlúù ni wọ́n ń lò. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa oúnjẹ yìí ni pé àlejò ló gbé ìdajì rẹ̀ wá. Àwọn Júù tí wọ́n lé kúrò ní Spéènì àti Pọtogí ló mú ẹja díndín dé London; ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń dín in, kí wọ́n lè jẹ ẹ́ ní tútù lọ́jọ́ Ìsinmi wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1860, Joseph Malin, Júù kan ní ìlà oòrùn London, bẹ̀rẹ̀ sí í tà á pọ̀ mọ́ ọ̀dùnkún. Àwọn ará Lancashire kò gbà. Wọ́n ní John Lees ní Mossley ni ẹni àkọ́kọ́, ní 1863. Ìjà náà kò tíì parí. Nígbà ogun tí ìjọba ń wọn ẹran, bọ́tà àti tíì, wọn ò wọn ẹja àti ọ̀dùnkún yìí rárá.

Oúnjẹ àárọ̀ wọn ńkọ́?

Èyí tó kún rẹ́rẹ́ ni full English: ẹyin díndín, sọ́séèjì, bacon, olú, tòmátò, búrẹ́dì yíyan, àti ẹ̀wà inú agolo tó ní ọbẹ̀ tòmátò. Ẹ̀wà yẹn ló ń ya àwọn ènìyàn wa lẹ́nu, nítorí ṣúgà wà nínú rẹ̀. Ẹ má retí ẹ̀wà àgànyìn. Bí ẹ bá rí ohun dúdú ribiti kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, black pudding ni: ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rá àti òòtì tàbí báálì tí wọ́n sè pọ̀. Bí ẹ̀sìn yín kò bá fàyè gba ẹ̀jẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i.

Bí ẹ bá dé Wales, ẹ béèrè laverbread lárààárọ̀. Kì í ṣe búrẹ́dì. Ewé inú òkun ni, wọ́n sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí ó fi fà díẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú abọ́, ewédú ló wá sí mi lọ́kàn.

Aládùúgbò wa ní kí n wá fún “tea” lọ́la. Ṣé tíì nìkan ni?

Ẹ má jẹun kí ẹ tó lọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi wá kí wa, obìnrin kan ládùúgbò ní kí wọ́n wá fún tea ní aago márùn-ún àbọ̀. Màmá jẹ ìrẹsì dáadáa nílé, wọ́n rò pé tíì àti bisikíìtì ni. Wọ́n jókòó tán, ni páì ẹran ńlá, ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì bá dé. Obìnrin náà ti ń dáná láti ọ̀sán. Màmá jẹ ẹ́ tán, torí ẹ̀kọ́ ilé, wọn ò sì lè sùn bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní àríwá, “dinner” lè jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán, “tea” sì ni oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Ní gúúsù, “dinner” ni ti alẹ́. Aago tí wọ́n bá dá fún yín ló máa là yín lóye: aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tíì àti ìpanu ni, aago márùn-ún sókè, oúnjẹ gidi ni.

Afternoon tea tún yàtọ̀. Anna, ìyàwó Duke ìlú Bedford, ni ìtàn fún ní ọlá rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1840. Ọ̀sán àti alẹ́ jìnnà síra nílé àwọn ọlọ́lá, ebi sì ń pa á láàárín. Sáńwíìṣì tí wọ́n gé etí rẹ̀ kúrò, scone (búrẹ́dì kékeré kan tó rí bíi kéèkì) àti kéèkì ni wọ́n ń tò sórí àwo alájà mẹ́ta. Owó rẹ̀ kò kéré ní hòtẹ́ẹ̀lì London. Bí ó bá jẹ́ adùn lẹ̀ ń wá, ẹ lọ sí Devon tàbí Cornwall kí ẹ jẹ cream tea: scone, jáàmù àti ọ̀rá mílíìkì tó ki bíi bọ́tà. Devon ń kọ́kọ́ fi ọ̀rá mílíìkì sí i, Cornwall ń kọ́kọ́ fi jáàmù. Ẹ ṣe bí wọ́n ti ń ṣe ní ibi tí ẹ bá wà.

Ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo ni mo ní. Kí ni kí n fi jẹ?

Sunday roast. Ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹran ńlá ni wọ́n ń sun nínú óófùnù, tí wọ́n á gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: màlúù, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí adìẹ. Ẹran kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń bá a rìn. Ti màlúù ni horseradish, ti àgùntàn ni ewé míǹtì nínú fínígà, ti ẹlẹ́dẹ̀ ni ápù sísè. Ọ̀dùnkún tí wọ́n fi ọ̀rá sun títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń dún káṣákáṣá lẹ́nu á wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ á wà níbẹ̀, gravy á sì bo gbogbo rẹ̀. Gravy ni omi ara ẹran tí wọ́n fi ìyẹ̀fun díẹ̀ mú kó ki.

Yorkshire pudding tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran màlúù ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Ìyẹ̀fun, ẹyin àti mílíìkì ni, wọ́n dà á sínú ọ̀rá tó gbóná janjan, ó sì wú bí abọ́. Láyé àtijọ́, abẹ́ ẹran tó ń yí lórí iná ni wọ́n ń gbé e sí, kí ọ̀rá lè máa kán sí i. Òun àti gravy ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú àwọn ará ilé, kí ebi ti rọlẹ̀ kí ẹran tó dé, torí ẹran kò tó. Ìyá tó ti bu ẹ̀bà ńlá fún ọmọ pẹ̀lú ẹran bíńtín mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìtàn náà ni oúnjẹ yìí wọ̀ mí lára.

Ilé ọtí ni ó ti dára jù láti jẹ ẹ́. Ẹ gba àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dé láàárín aago méjìlá sí méjì. Bó bá di aago mẹ́rin, èyí tó dùn nínú ẹran lè ti tán.

Mi ò mutí. Ṣé mo lè wọ pub?

Ẹ wọlé. Ìyá àgbà, ọmọdé, àní ajá pàápàá ń wọ ibẹ̀. Ẹ lè béèrè omi ọsàn tàbí tíì, kò sẹ́ni tó máa wojú yín.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ní ọ̀pọ̀ pub, kò sẹ́ni tó máa wá bá yín nídìí tábìlì. Ẹ wá ibi jókòó, ẹ wo nọ́ńbà tábìlì yín, kí ẹ lọ sídìí káńtà lọ sọ ohun tí ẹ fẹ́ jẹ, kí ẹ sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Mo ti bá ẹbí kan pàdé, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tí wọ́n jókòó fún nǹkan bí wákàtí kan, tí wọ́n sì bínú jáde. Wọ́n gbà pé nítorí àwọ̀ wọn ni kò fi sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ó dùn mí gan-an, nítorí gbólóhùn kan péré ni ì bá ti gbà wọ́n. Àjòjì lójú, kò fi ríran.

Kì í sí ìlà gidi nídìí káńtà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ẹ dúró, ẹ má pariwo, ẹ má na owó sókè. Pint kan, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ta bíà, jẹ́ mílílítà 568, ẹ sì lè béèrè ìdajì. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè ra ọtí. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá ra fún gbogbo yín, ó yẹ kí ẹ̀yin náà rà nígbà tó bá kàn yín. Wọn kì í sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n wọ́n ń kà á.

Ẹ béèrè ìgbà tí ilé ìdáná ń tì. Ọ̀pọ̀ kì í dáná kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́, bí ọtí tilẹ̀ ṣì ń ṣàn.

Kí ni pudding gan-an?

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sójú kan. Black pudding, ẹ̀jẹ̀ ni. Yorkshire pudding, ìyẹ̀fun ni. Steak and kidney pudding, ẹran àti kíndìnrín ni. Nígbà tí wọ́n bá sì bi yín lẹ́yìn oúnjẹ bóyá ẹ fẹ́ pudding, ohunkóhun tó bá dùn ni wọ́n ń wí. Ẹ béèrè sticky toffee pudding, kéèkì rírọ̀ tí wọ́n fi dàbínù ṣe. Tàbí kí ẹ jẹ ápù crumble, ápù sísè tí wọ́n fi ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà bò lórí, pẹ̀lú kọ́sítáàdì. Kọ́sítáàdì oníyẹ̀fun tí a fi ń jẹ àkàrà nílé, ibí ló ti ṣẹ̀: Alfred Bird ní Birmingham ló ṣe é ní 1837, nítorí ẹyin kì í bá ara ìyàwó rẹ̀ mu.

Mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Báwo ni n ó ṣe ṣọ́ra?

Ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ ju bí ojú ti ń rí i lọ. Sọ́séèjì tí wọn ò bá dárúkọ ẹran rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹ kà á sí. Ọ̀rá rẹ̀ lè wà nínú ìyẹ̀fun páì, gelatine, tí wọ́n sábà ń fi awọ àti egungun ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, sì wà nínú ọ̀pọ̀ súìtì rírọ̀ tí àwọn ọmọdé ń lá. Bradford, tí ọkọ̀ ojú irin ń dé láti Leeds ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, Birmingham, Leicester àti ìlà oòrùn London kún fún ilé oúnjẹ halal.

Tó bá jẹ́ pé ara yín ló ń kọ nǹkan kan, bí ẹ̀pà, edé tàbí mílíìkì, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó ra oúnjẹ. Òfin dárúkọ ohun 14 tí olóúnjẹ gbọ́dọ̀ lè sọ fún oníbàárà bóyá ó wà nínú oúnjẹ. Ẹ tún wo ìwé aláwọ̀ ewé lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ: 5 ni ìmọ́tótó tó ga jù, 0 ló burú jù. Wales àti Northern Ireland fi òfin mú un pé kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síta. Ní England, ẹni tó bá wù ú ló ń lẹ̀ ẹ́. Ìlànà tí Scotland ń lò yàtọ̀, kò ní nọ́ńbà.

Ìlú wo ni kí n ti jẹ kí ni?

Scotland, haggis. Ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ òòtì, àlùbọ́sà, ọ̀rá àti ata dúdú. Àwọn ènìyàn wa máa ń yíjú nígbà tí wọ́n bá gbọ́ èyí, àwa tí à ń jẹ ṣàkì, àbọ̀dí àti rọ́ńdú! Ata dúdú rẹ̀ ń ta díẹ̀, nínú gbogbo oúnjẹ wọn òun ló súnmọ́ ẹnu wa jù. Alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù kìíní, tí wọ́n ń ṣe ìrántí akéwì wọn Robert Burns, ni ọjọ́ rẹ̀.

Cornwall, pasty. Oúnjẹ àwọn awakùsà ni: ẹran màlúù, ọ̀dùnkún, swede (gbòǹgbò kan tí wọ́n ń sè jẹ) àti àlùbọ́sà nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n ká etí rẹ̀. Láti 2011 ni òfin ti dáàbò bo orúkọ Cornish pasty. Èyí tí wọn ò bá ṣe ní Cornwall kò lè jẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi gé e sí méjì, ó wò ó, ó ní, “Míìtì páì nìyí.” Kò jìnnà sí òótọ́.

Wàràkàṣì Stilton, àgbègbè mẹ́ta péré ló láṣẹ láti ṣe é: Derbyshire, Leicestershire àti Nottinghamshire. Stilton, ìlú tó fún un lórúkọ, kò sí nínú wọn. Òórùn rẹ̀ le. Ẹni tí irú kò bà lẹ́rù lè tọ́ ọ wò. Ní Yorkshire, Wensleydale ni tiwa, a sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú kéèkì eléso. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu létí. Ẹ jẹ ẹ́ ná.

Èló ni kí n múra sílẹ̀, ṣé dandan sì ni kí n fún agbóúnjẹ lówó?

Kò pọn dandan. Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, pàápàá ní London, wọ́n ti fi owó iṣẹ́ kún ìwé owó yín, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ má baà san án lẹ́ẹ̀mejì. Bí iṣẹ́ wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, òfin ní kí gbogbo owó yìí dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ní pub, ẹ kì í fún ẹni tó ń ta ọtí ní nǹkan kan.

Omi ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ibi tó bá ní ìwé àṣẹ láti ta ọtí. Ẹ sọ pé “tap water”, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè gbé omi ìgò wá. Fún ọ̀sán tí kò ní gba owó púpọ̀, ẹ wá meal deal ní súpámákẹ́ẹ̀tì: sáńwíìṣì, ìpanu kan àti ohun mímu, ní iye kan tó dín ju kí ẹ rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú káàdì dání. Ibi tí kò gba owó lọ́wọ́ mọ́ ti pọ̀.

Bí ẹnu bá ń yún mi fún ata ńkọ́?

Ẹ jẹ kọ́rì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kì í ṣe oúnjẹ ibí. Ní 1810 ni Sake Dean Mahomed, ọmọ Íńdíà, ti ṣí ilé oúnjẹ kọ́rì sí London. Balti, irú kọ́rì kan tí wọ́n ń sè tí wọ́n sì ń gbé wá nínú ìkòkò irin kan náà, Birmingham ni wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Oúnjẹ tiwa náà wà. Ní Peckham ní London, ẹ óò rí iṣu, ẹ̀fọ́ àti pọ̀nmọ́ lójú pópó Rye Lane. Ata rodo ní súpámákẹ́ẹ̀tì, “Scotch bonnet” ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹni tó bá lówó, kó gba àyè ní Chishuru, ilé oúnjẹ kan ní London. Adejoké Bakare bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Brixton ní 2020, ó sì gba ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún ilé oúnjẹ, ní 2024, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ní gbogbo Bìrìtéènì. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gbọ́ bí ẹni pé àbúrò mi ni.

Ẹ má di ẹran gbígbẹ, kílíṣí tàbí wàrà wá láti ilé. Òfin kò gbà á, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú.

Oṣù wo ló dára jù láti wá?

Ọ̀pọ̀ ń wá ní oṣù keje, wọ́n sì ń rí èso strawberry jẹ. Àmọ́ bí ẹ bá lè fara da òtútù, ẹ wá ní oṣù kejì. Láàárín Wakefield, Morley àti Rothwell, kò jìnnà sí ilé wa, àwọn àgbẹ̀ kan ń gbin rhubarb, ewébẹ̀ kan tí igi ewé rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, sínú ahéré gígùn tí wọ́n ti dí pátápátá kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọlé. Nínú òkùnkùn yẹn ni igi rẹ̀ ti ń ga kíákíá, tó ń pupa, tó sì ń rọ̀. Iná àbẹ́là ni wọ́n ń tàn tí wọ́n bá fẹ́ kórè rẹ̀. Àwọn tó ti wọ ibẹ̀ ní èèyàn ń gbọ́ bó ṣe ń dàgbà, bí èèhù rẹ̀ ti ń là pẹ́, pẹ́. Wọ́n á sè é pẹ̀lú ṣúgà, torí ó kan, wọ́n á wá da kọ́sítáàdì gbígbóná lé e lórí. Ẹ ra ìdì kan ní ọjà Kirkgate ní Leeds, kí ẹ gbé e wá sílé wa, a ó jọ sè é.